Àtàǹpàkò Bàbá Mi àti Ẹran Fúláwà

Alápatà ni bàbá mi. Ìsọ̀ rẹ̀ wà nínú ọjà ní Mákùn, ní Ṣàgámù, ẹ̀yìn ìsọ̀ náà ni mo sì ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá títí mo fi jáde ìwé mẹ́wàá. Tí ẹ bá fi aṣọ di bàbá mi lójú, tí ẹ fi ọ̀rá ẹran lé e lọ́wọ́, yóò fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ra á lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì sọ fún yín bóyá ti màlúù ni, tàbí ti àgbò, tàbí ti òbúkọ. Mi ò rí i kó ṣì í rí.

Ó ní àṣà kan tí mi ò bá lọ́wọ́ alápatà mìíràn. Láràárọ̀, kó tó tajà fún ẹnikẹ́ni, yóò gé díẹ̀ lára ẹran tó bá kọ́kọ́ gbé sórí pákó, yóò fi iyọ̀ ra á, yóò yan án lórí ẹyín iná nínú agolo kan tó ti dúdú kọjá fífọ̀, yóò sì jẹ ẹ́ níbẹ̀, lójú gbogbo ọjà. Ìbúra rẹ̀ nìyẹn. Kò ní láti sọ̀rọ̀ kankan. Ohun tó ń tà fún wọn lòun náà ń jẹ, ẹni tó bá fẹ́ rà kó rà.

Ẹ wá fojú inú wò ó bí ó ti rí lọ́jọ́ tí mo sọ fún un pé mo ti rí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́, ní Ìlíṣàn, àti pé onísìn Ọjọ́ Keje ni wọ́n, àwọn tó ń sinmi ní Sátidé.

"Kò burú," ni bàbá mi wí. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀sìn. "Ṣé wọ́n ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀?"

"Wọn kì í jẹ ẹ́, Bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Màlúù ńkọ́?"

"Wọn kì í jẹ màlúù náà."

Ó gé eegun kan sí méjì. "Adìẹ?"

Mo mi orí. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sì wò mí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ rán lọ sí ìlú tí kò sí omi. "Ọmọ mi, kí ni o fẹ́ lọ máa jẹ?"

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn wà lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi, tí mò ń pè ní Mọ́mì. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì ń gbé. Títí di òní, mi ò tíì rí ẹni tó ní sùúrù tó wọn. Ẹran tí a ń jẹ nílé wa, ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń ṣe é, láti inú fúláwà lásán. Wọn yóò po fúláwà mọ́ omi títí yóò fi le, wọn yóò rì í sínú omi fún wákàtí mélòó kan, wọn yóò wá máa fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ aṣọ ọmọ tuntun. Omi yóò funfun bí omi ògì. Wọn yóò dà á sí apá kan, nítorí nínú ilé yẹn wọn kì í da nǹkan nù. Wọn yóò tún bu omi mìíràn, títí omi yóò fi mọ́ gaara. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn yóò máa fà bíi rọ́bà. Èyí ni wọn yóò wá po mọ́ irú, àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti ẹ̀pà lílọ̀, tí wọn yóò fi aṣọ funfun dì, tí wọn yóò sì bọ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, mo fi agbára fọ̀ ọ́ títí gbogbo rẹ̀ fi bá omi lọ. Mọ́mì wo inú abọ́ tó ṣófo, wọ́n ní, "Ọmọ alápatà, o ti pa á tán." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn.

Sùúrù wọn yìí kan páálí pẹ̀lú. Kò sí nǹkan tí wọ́n dì tà tó ń wọ ilé ìdáná Mọ́mì láìkọ́kọ́ dojú bolẹ̀ lórí tábìlì. Wọ́n ní awò kan tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, inú agolo abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Òun ni wọ́n fi ń ka ẹ̀yìn páálí, lẹ́tà lẹ́tà, bí ìgbà tí wọ́n ń máàkì ìwé akẹ́kọ̀ọ́. "Iwájú páálí, ẹnu ọlọ́jà ni," ni wọ́n máa ń sọ fún mi. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí."

Ohun tí wọ́n sì ń wá jù lọ ni òróró dídì. Òróró ewébẹ̀ ni látilẹ̀, èyí tó yẹ kó máa ṣàn, ṣùgbọ́n tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ haidirójìn sí nínú ẹ̀rọ títí ó fi dì gbagidi bí àbẹ́là. Kì í tètè bàjẹ́, ó ń mú kí nǹkan rọ̀ lẹ́nu, kò sì wọ́n, nítorí náà, àwọn tó ń ṣe ẹran aláìlẹ́ran ní ilé iṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ará ìjọ wa pọ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti lè rí i kà pé kò sí ẹran nínú nǹkan, ó ti parí lójú wọn. Mọ́mì kò sí lára wọn. Bí a bá lọ síbi oúnjẹ àjọjẹ lẹ́yìn ìsìn, tí wọ́n gbé sọ́séèjì tó ń dán wá síwájú wọn, wọn yóò kọ́kọ́ kí ẹni tó sè é, wọn yóò bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀, wọn yóò wá rọra béèrè òróró tó wà nínú rẹ̀. "A ò lè máa sá fún ọ̀rá màlúù," ni wọ́n wí fún mi nígbà kan tí a ń rìn padà sílé, "ká tún wá fi ọwọ́ ara wa ra ọmọ ìyá rẹ̀."

Mo máa ń gba gbogbo èyí sí àṣejù díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni mo ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkẹ́nnẹ́, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni Mọ́mì ń sọ nípa òróró yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ká mọ nǹkan yàtọ̀ sí ká fi wákàtí mẹ́ta fọ fúláwà.

Nígbà tí ọyẹ́ ọdún tó kọjá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àyà há bàbá mi nídìí pákó ẹran. Àwọn tí wọ́n jọ ń tajà ló gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti jókòó, ó ń bá nọ́ọ̀sì jà lórí fìlà rẹ̀. Dókítà pè wá jókòó. Ó ní ọ̀rá ti ń dí ojú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ ọkàn bàbá mi. Ó fún un lóògùn, ó sì ní kó fi ẹran ọlọ́ràá sílẹ̀, kó fi bọ́tà àti àwọn ìpanu tí wọ́n fi òróró dídì ṣe sílẹ̀ pẹ̀lú. "Bàbá, tí ẹ kò bá fi wọ́n sílẹ̀, nígbà tó ń bọ̀ ẹ lè má bá wa."

"Dókítà," ni bàbá mi wí, "ta ni yóò ra ẹran lọ́wọ́ alápatà tí kì í jẹran?"

Bàbá mi lo oògùn, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta ó ti padà sí ìdí agolo iná rẹ̀, ó ń yan ẹran, ó ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú ọ̀rá tó ń kán sínú iná. Ìyá mi ti kú. Èmi nìkan ni ọmọ rẹ̀ tó wà nítòsí. Ẹ̀rù bà mí débi pé bí fóònù bá ti dún nínú kíláàsì, màá sáré jáde lọ gbé e.

Mo sọ ọ́ fún Mọ́mì. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Kì í ṣe màlúù ni bàbá rẹ fẹ́. Ohun tí yóò fi eyín jà ló ń wá. Ní kó wá bá wa jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi." Mo bẹ bàbá mi fún ọjọ́ mẹ́rin kó tó gbà. Ó ní òun máa wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bó bá sì jẹ́ ewé ni wọ́n fẹ́ fún òun jẹ, òun kì í ṣe ewúrẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ni Mọ́mì gbọ́ pé ara ẹ̀gbọ́n wọn kò yá ní Ìpẹ́rù. Wọ́n ní láti lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, ọkọ mi sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó. Wọ́n wá fa iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. "Fúláwà kóńgò méjì. Pò ó láàárọ̀, fọ̀ ọ́ nígbà tó o bá dé, sè é kí oòrùn tó wọ̀." Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu.

Mi ò pò ó láàárọ̀. Mo sùn kọjá àkókò. Lọ́sàn-án, ọ̀gá wa pe ìpàdé olùkọ́ tí kò fẹ́ tán, bọ́ọ̀sì Ìkẹ́nnẹ́ sì dúró de èrò títí. Nígbà tí mo fi sọ̀ kalẹ̀ ní Ìlíṣàn, oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Nílé wa, bí oòrùn bá ti wọ̀ ní Jímọ̀, iná ìdáná ti kú nìyẹn di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ohun tí a bá ti sè ni a ó jẹ.

Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan. Páálí náà wà nínú fíríìsà, wọ́n ya ewé tútù sí i lára, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà gadagba pé kò sí ẹran nínú rẹ̀, kò sí ọ̀rá ẹran. Mo ka iwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò yí i padà. Mo mọ ìdí tí mi ò fi yí i padà.

Mo gé e, mo dà á sínú ọbẹ̀ ata tí mo fi òróró ẹ̀pà dín, mo rọ ọ́ sínú kúlà. Mo fi èèpo àlùbọ́sà wé páálí rẹ̀, mo tì í sí ìsàlẹ̀ korobá ìdọ̀tí. Oòrùn ń wọ̀ lọ ni Mọ́mì wọlé, pẹ̀lú eruku Ìpẹ́rù lẹ́sẹ̀. Wọ́n ṣí kúlà, òórùn ata jáde, wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká. "O káre," ni wọ́n wí. Ẹ̀rín tí mo rín kò dé eyín.

Bàbá mi dé lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ kejì. Ó gé èékánná, ó dé fìlà funfun, ó gbé ọsàn dání. "Yèyé, ẹ kú ilé o," ló fi kí Mọ́mì. Àwọn náà ní, "Àlàájì, ẹ káàbọ̀, ẹ kú àárẹ̀ ara." Wọ́n gbé ìkókoré tí a ti sè sílẹ̀ síwájú rẹ̀ àti ọbẹ̀ mi. Ó fi ṣíbí yẹ ẹran náà wò bí ẹni ń yẹ owó ayédèrú wò. Ó bu ú jẹ. Ojú rẹ̀ là.

"Yèyé! Ẹran nìyí o!"

Ó tún mú òmíràn. Ó ń rẹ́rìn-ín, Mọ́mì ń rẹ́rìn-ín, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tí mo ṣe. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa Ṣàgámù àtijọ́. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé, ọbẹ̀ sì ń tutù. Nígbà tí bàbá mi na ọwọ́ sí ẹ̀kẹta, ó dá ọwọ́ dúró. Nǹkan funfun kan ti dì yí etí àwo ká. Ó fi ìka gbé e. Ó fi àtàǹpàkò ra á, lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ahọ́n kan àjà ẹnu.

"Yèyé," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, "ọ̀rá kí nìyí? Kì í ṣe ti màlúù. Ó lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu mi bí ọ̀rá àgbò, kì í sì í ṣe ti àgbò."

Mọ́mì ní kò lè jẹ́ ọ̀rá. Bàbá mi ti àwo sí wọn. "Láti kékeré ni mo ti ń fọwọ́ kan ọ̀rá. Wọ́n ní kí n má jẹ ẹ́, mo wá síbí nítorí ọmọ mi, ẹ sì fún mi jẹ."

Mọ́mì mú ẹyọ kan, àwọn náà ra á. Wọ́n wò mí. Ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n fi wò mí, wọ́n sì yíjú sí bàbá mi. "Ilé ìdáná mi ló ti wá, Àlàájì. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ má bínú."

Mi ò lè fara da ìyẹn. Ká ní wọ́n bú mi ni, mi ò bá wí àwíjàre. Mo dìde, mo lọ da korobá ìdọ̀tí, mo gbé páálí náà wá pẹ̀lú èèpo àlùbọ́sà lára rẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá mi, tí kò gbọ́ òyìnbó, ní, "Ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi." Mo kà á, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ti ń kà á. Kò jìnnà tí mo fi kàn án: òróró ewébẹ̀ tí wọ́n ti mú dì.

Bàbá mi kò pariwo. Ó fọ ọwọ́, ó dé fìlà. Lẹ́nu ọ̀nà ó ní, "Ẹran tí mo mọ ẹranko tó ni ín ni màá máa jẹ. Bó bá máa pa mí, kó jẹ́ ohun tí mo mọ̀ ni yóò pa mí."

Mo sunkún títí orí fi fọ́ mi. Mọ́mì kó àwo. Gbogbo ìbáwí tí mo gbà nìyí: "Ó rẹ̀ ọ́ lánàá. Ká ní o sọ fún mi pé ó rẹ̀ ọ́ ni, ẹ̀wà la ò bá jẹ."

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, nígbà tí mo jí, omi fúláwà ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n ń dà. Ó tó ọ̀sán kí ẹran tó jinná. Wọ́n gbé e sínú abọ́, wọ́n fi ọmọrí dé e, wọ́n ní, "Ó yá, mú mi lọ sí Mákùn." Obìnrin tí kì í gba ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ ẹran kọjá, tó máa ń yí gba ọ̀dọ̀ àwọn aláta nítorí òórùn ẹ̀jẹ̀, rìn láàárín itan màlúù tí wọ́n gbé kọ́, ó fi ọwọ́ kan gbá etí ìró mọ́ra, ó fi èkejì gbé abọ́, ó ń kí gbogbo alápatà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, mo sì rò ó nínú ara mi pé bí mo bá lè jẹ́ ìdajì obìnrin yìí kí n tó kú, ó tó.

Bàbá mi rí wa, ọ̀bẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Yèyé! Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Mo gbé ẹlẹ́rìí wá," ni Mọ́mì wí, wọ́n sì ṣí abọ́. "Kò ní páálí. Ẹ fi àtàǹpàkò yín bi í."

Ó nu ọwọ́. Ó mú ẹyọ kan, ó ra á. Òróró tó wà nínú rẹ̀ ṣàn lọ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kò sì dì. Ó gbóòórùn rẹ̀. "Ẹ̀pà," ló wí.

"Ẹ̀pà ni, àti àgbọn díẹ̀."

"Àgbọn máa ń dì."

"Ó máa ń dì lóòótọ́." Mọ́mì ti mọ̀ pé ó máa sọ ọ́. Wọ́n yọ ìgò kékeré kan jáde, òróró àgbọn inú rẹ̀ ti funfun nítorí ọyẹ́. Wọ́n bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kó tó di pé a mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti di omi. "Ohun tí ìgbóná ọwọ́ yín bá lè yọ́, kò bá yín jà," ni wọ́n wí. Mi ò lè fi ìyẹn kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì mi, nítorí àgbọn pàápàá ní ìwọ̀n tó yẹ ká jẹ. Ṣùgbọ́n ta ló bi mí?

Bàbá mi jẹ ẹyọ náà. Ó jẹ ẹ́ pẹ́, gbogbo ìlà ìsọ̀ sì ń wò ó. Níkẹyìn ó ní, "Kò sí ọ̀rá nínú rẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kò ní iṣan."

"Iṣan báwo?"

Ó gé ẹran itan kan, ó fà á ya láti fi bí ó ti tò hàn wọ́n. Mọ́mì tẹ̀ ba, wọ́n yọ awò wọn láti inú báàgì, wọ́n fi wo ẹran màlúù lórí pákó alápatà bí wọ́n ti ń wo ẹ̀yìn páálí. Mi ò lè gbàgbé àwòrán yẹn láé. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrèǹgbè. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé àgbàlagbà méjì náà lè máa wá ọwọ́ ara wọn.

Ní ọjọ́rú, lẹ́yìn tó pa ìsọ̀ dé, bàbá mi wá sí Ìlíṣàn pẹ̀lú òwú tó fi ń di ẹran. Ó wọ ilé ìdáná Mọ́mì, ó na fúláwà tí wọ́n ti fọ̀, ó ṣẹ́ ẹ po, ó tún na án, ó lọ́ ọ bí okùn, ó fi òwú dì í láti orí dé ìdí. Mọ́mì ní ó ti le jù. Ó ní kò le. Wọ́n ní kó má pariwo nínú ilé ìdáná àwọn. Ó tọrọ àforíjì, ó sì tún pariwo. Nígbà tí wọ́n bọ̀ ọ́ tán, tí wọ́n tú òwú, tí bàbá mi fi ọwọ́ fà á, ó ya ní ìlà ìlà. Wọ́n kàn ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí àwọn ọmọ tó mọ ilé sórí iyanrìn. Láti ìgbà náà, Mọ́mì ń ṣe abọ́ kan fún un lọ́sẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ nílé. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó ń jẹ nínú ọjà láàárọ̀, ẹ̀rù ìbéèrè yẹn sì ń bà mí.

Ìgbà tí a gba ọlidé ni mo lọ wò ó. Mo dé Mákùn kí oòrùn tó mú, mo dúró sẹ́yìn ìsọ̀ níbi tí mo ti máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Agolo iná wà níbẹ̀. Bàbá mi gé ẹran àkọ́kọ́, ó fi iyọ̀ ra á, ó gbé e sórí iná. Ọ̀rá ń kán, èéfín ń gòkè.

Obìnrin kan tó ń ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ka ọwọ́ lẹ́rán níwájú pákó. "Àlàájì," ó ní, "wọ́n ní ẹ kì í jẹ nínú ẹran yín mọ́. Ṣé kò sí nǹkan nínú ẹ̀?"

Bàbá mi fi ọ̀bẹ gbé ẹran yíyan náà, ó nà án sí i. "Ìwọ ni wàá jẹ ẹ́ lónìí. Ẹran mi ò ní nǹkan kan nínú. Àyà mi ló ní."

Ó tẹ̀ ba, ó gbé abọ́ Mọ́mì láti abẹ́ pákó, ó ṣí i, ó sì jẹ ẹ́ ní ìdúró, lójú gbogbo ọjà, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Obìnrin náà jẹ tirẹ̀, ó mi orí.

"Àlàájì, ó mà dùn o."

"Mo mọ̀," ni bàbá mi wí. "Mo ti jẹ ìpín tèmi."